Ta Ni Ó Fún Wọn Láṣẹ? Àwọn Ìwé tí a Fi Ń Ṣe Òfin Àgbáyé àti Ààlà Ilẹ̀ Àgbádárìgì

 

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan nípa iṣẹ́ òfin, ọkàn mi padà sí ọjọ́ kan ní kíláàsì wa. Olùkọ́ jọ́gíráfì gbé máàpù Nàìjíríà kọ́ sára pátákó, ó sì fi ọ̀pá tọ́ka sí ìlà tí ó ya ilẹ̀ wa kúrò lára ilẹ̀ Olómìnira Benin. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí ìyá rẹ̀ àgbà ń gbé ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, nawọ́ sókè, ó ní, "Sà, ta ni ó fa ìlà yẹn?" Olùkọ́ wa dáhùn pé, "Àwọn òyìnbó ni." Ọ̀rẹ́ mi tún béèrè pé, "Sà, ta ni ó fún wọn láṣẹ?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Agogo sì dún kí olùkọ́ tó lè fèsì.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè kejì yẹn kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Òun gan-an ni àwọn àgbà agbẹjọ́rò, àwọn adájọ́ àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń jiyàn lé lórí nínú ìwé fún ohun tí ó lé ní 100 ọdún. Ohun tí mo sì fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ọ̀kan lọ: nínú òfin tí ó de orílẹ̀-èdè pọ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè, èyí tí a ń pè ní òfin àgbáyé, ẹni tí ó ń kọ̀wé wà lára àwọn tí ń ṣe òfin. Ìran tí kò bá sì kọ ti rẹ̀ sílẹ̀, ìwé ẹlòmíràn ni a ó fi dá ẹjọ́ rẹ̀.

Oríṣi ìwé méjì tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté wa

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn ìwé kìíní. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní oṣù Kìíní ọdún 1845, Henry Townsend, C. A. Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther ti ìjọ CMS tẹ̀lé e. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí ní ọdún 1845 ṣì dúró létí ọ̀sà títí di òní. Nípasẹ̀ iṣẹ́ wọn ni ìwé kíkà fi wọ ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè yìí, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ bí tiwa sì jẹ́ èso rẹ̀.

Ìwé kejì kì í ṣe èyí tí a fi ń kọ́ ọmọdé. Ìwé àdéhùn ni. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùmú tọwọ́ bọ ìwé tí ó fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, nígbà tí ọkọ̀ ogun tí a ń pè ní Prometheus dúró sójú ọ̀sà. Ní ọdún 1863, àwọn olóyè Àgbádárìgì náà tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìlú wa sì di ara ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso láti Èkó.

Èyí tí ó tẹ̀lé e kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti ìjọba Faransé jókòó ní Paris, wọ́n sì pààlà. Wọ́n kọ ọ́ pé ààlà náà yóò jẹ́ ìlà tí ó lọ tààrà láti àríwá sí gúúsù, tí yóò gba ojú odò Ajara ní ilẹ̀ Àjàṣẹ́ kọjá. Wọ́n ní Ìpókíá yóò wà lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ìlà náà yóò la ilẹ̀ Apa já títí yóò fi kan etí òkun, ṣùgbọ́n olú-ìlú Apa yóò ṣì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kíyè sí i: ilẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n là sí méjì, wọ́n sì yan apá tí olú-ìlú rẹ̀ yóò wà. Ọba Tofa tí ó wà lórí ìtẹ́ Àjàṣẹ́ nígbà náà kò sí nínú yàrá yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí olóyè Àgbádárìgì kankan níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Ẹ̀gùn tí ó wà ní apá tiwa àti Ẹ̀gùn tí ó wà ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń sọ èdè kan náà tí wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn, ti wà lábẹ́ ìjọba méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá Kétu àti Yorùbá Ìmẹ̀kọ ní òkè lọ́hùn-ún. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ láti kọjá lọ síbi òkú tàbí ìgbéyàwó mọ̀ pé ìwé 1889 kò tíì di ìtàn àtijọ́.

Níbo ni òfin àgbáyé ti ń wá?

Bí ẹjọ́ bá dé ilé-ẹjọ́ ní Èkó, adájọ́ mọ ibi tí òfin wà. Ó wà nínú Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè, nínú òfin tí àwọn aṣòfin ṣe, àti nínú ìdájọ́ àwọn ilé-ẹjọ́ tí ó ga ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láàárín orílẹ̀-èdè àti orílẹ̀-èdè, kò sí ọba kan tí ó borí gbogbo wọn, kò sì sí ilé aṣòfin tí ń ṣòfin fún gbogbo ayé. Báwo wá ni adájọ́ ṣe ń mọ òfin?

Ìwé tí ó dá Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé tí ó wà ní ìlú Hague sílẹ̀ ní ọdún 1945 dáhùn ìbéèrè yìí ní abala 38. Àkọ́kọ́ ni àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè bá ara wọn ṣe. Èkejì ni àṣà, ìyẹn ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ń ṣe bọ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òfin ni. Ẹ̀kẹta ni àwọn ìlànà òdodo tí gbogbo orílẹ̀-èdè jọ gbà. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, abala náà tún fún adájọ́ ní ìrànlọ́wọ́ méjì láti fi mọ ohun tí òfin jẹ́: ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá, àti ìwé àwọn onímọ̀ tí ó tayọ jù lọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè.

Èyí ni ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan jókòó kọ nínú yàrá rẹ̀ lè dé iwájú adájọ́ tí ń dá ẹjọ́ orílẹ̀-èdè méjì. Òtítọ́ ni pé Ilé-Ẹjọ́ náà kì í sábà dárúkọ ìwé àwọn onímọ̀ nínú ìdájọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn agbẹjọ́rò ń tò wọ́n jọ sínú àròyé wọn, àwọn adájọ́ sì ń tọ́ka sí wọn nígbà tí olúkúlùkù wọn bá ń kọ èrò tirẹ̀ mọ́ ìdájọ́. Bí a bá tún rò ó dáadáa, ta ni yóò sọ fún adájọ́ pé báyìí ni àṣà àwọn orílẹ̀-èdè rí? Ẹni tí ó ti kó wọn jọ sínú ìwé ni. Bí ó bá kó àṣà àwọn ará Yúróòpù nìkan jọ, òun nìkan ni adájọ́ yóò rí kà.

Nígbà tí gègé wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé méjì tí ó jáde ní ọdún kan náà, 1894, ọdún márùn-ún lẹ́yìn àdéhùn Paris. Ọ̀kan ni èyí tí Edward Hertslet, tí ó ń bójú tó ilé-ìkàwé ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kó jọ. Orúkọ rẹ̀ ni The Map of Africa by Treaty. Inú ìwé yìí ni ó to àwọn àdéhùn tí a fi pín ilẹ̀ Áfíríkà sí. Títí di òní, àwọn agbẹjọ́rò tí ń ṣe ẹjọ́ ààlà ṣì ń ṣí i.

Ìwé kejì jẹ́ ti John Westlake, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin àgbáyé ní yunifásítì Cambridge. Òun kọ́ni pé òfin àgbáyé wà fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ní ọ̀làjú bíi ti Yúróòpù. Ó ní àwọn ọba ilẹ̀ tí kò ní irú ọ̀làjú bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tí à ń pè ní àṣẹ lórí ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ti mọ̀ ọ́n, nítorí náà àdéhùn tí wọ́n bá tọwọ́ bọ̀ kò lè gbé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Òyìnbó kan mú ìwé wá, ó ní kí ọba tọwọ́ bọ̀ ọ́, nítorí pé àṣẹ ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ọba. Òyìnbó kejì wá kọ̀wé ní Cambridge pé ọba náà kò ní àṣẹ kankan tí ó lè tọwọ́ bọ̀. Bí a bá gba ti èkíní, ilẹ̀ ti lọ. Bí a bá gba ti èkejì, ilẹ̀ kò fìgbà kan jẹ́ tiwa rí. Àwọn baba wa sì wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kì í ṣe pé gbogbo àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyẹn jẹ́ òṣìkà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìwé dá a lóhùn láti ìhà tiwa.

Ohun tí a kọ ní 1928 dé ilé wa ní 2002

Ẹnìkan lè sọ pé ìtàn àtijọ́ ni gbogbo èyí. Ẹjọ́ tí ó fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ wáyé ní ìpẹ̀kun kejì etí òkun Nàìjíríà, ní ìhà ìlà-oòrùn, lórí ilẹ̀ Bakassi.

Kamẹrúùnù pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní Hague ní ọdún 1994. Ara ohun tí àwọn agbẹjọ́rò wa gbé kalẹ̀ ni àdéhùn tí àwọn ọba àti olóyè Kàlàbá àtijọ́ bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1884. Àdéhùn ààbò ni tiwọn. Tiwa ní Èkó àti Àgbádárìgì jẹ́ ìwé tí a fi gbé ilẹ̀ fúnni, àwọn méjèèjì kò sì rí bákan náà nínú òfin. Àròyé Nàìjíríà ni pé ààbò ni Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí fún Kàlàbá, kò ra ilẹ̀ wọn. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì wá gbé Bakassi fún Jámánì nínú àdéhùn ọdún 1913, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó fi tọrẹ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2002, Ilé-Ẹjọ́ dá Kamẹrúùnù láre lórí Bakassi; adájọ́ 13 fara mọ́ ọn, 3 kò fara mọ́ ọn. Ìdí púpọ̀ ni wọ́n sọ, títí kan ohun tí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ṣe àti ohun tí ó gbà lẹ́yìn òmìnira. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí àdéhùn àwọn ọba Kàlàbá, wọ́n tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí Max Huber, adájọ́ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, kọ ní ọdún 1928 nígbà tí ó ń parí ìjà Amẹ́ríkà àti Netherlands lórí Palmas, erékùṣù kan tí ó jìnnà sí wa lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ìhà Éṣíà. Huber kọ ọ́ pé àdéhùn pẹ̀lú àwọn ọba ìbílẹ̀ irú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àdéhùn láàárín ẹgbẹ́ méjì tí ó dọ́gba. Ọ̀nà tí ìjọba òyìnbó fi ń ṣètò ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ tí a kọ nítorí erékùṣù Éṣíà ní 1928 ṣe wá dúró lórí àwọn ọba Kàlàbá ní 2002 nìyẹn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2008, Nàìjíríà parí fífi Bakassi lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́, àwọn apẹja tí ilé wọn wà níbẹ̀ sì ní láti pinnu bóyá wọn yóò dúró tàbí wọn yóò kó lọ.

Àwọn tiwa tí ó mú gègé

Onírèsé tí ó bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Nínú iṣẹ́ yìí, a ní àwọn onírèsé tiwa, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ orúkọ wọn.

Olórí wọn ni Taslim Olawale Elias, ọmọ Èkó tí a bí ní ọdún 1914. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ bí tiwa ni ó lọ: CMS Grammar School àti Igbobi College. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú òfin ní yunifásítì London ní ọdún 1949. Ìwé rẹ̀ lórí òfin àti àṣà ilẹ̀ níní ní Nàìjíríà jáde ní ọdún 1951. Ó di Agbẹjọ́rò Àgbà nígbà òmìnira, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó, ó sì di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ní ọdún 1972. Ní ọdún 1976 ó gba ìjókòó ní Hague, ó sì ṣe Ààrẹ Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé láti 1982 sí 1985. Bí ipò wọ̀nyí ti ga tó, kò jẹ́ kí gègé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1991.

Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1972, Africa and the Development of International Law, dá irú ọ̀rọ̀ Westlake lóhùn. Ó fi hàn pé kí òyìnbó tó dé, àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà ti ń rán ikọ̀ sí ara wọn, wọ́n ti ń bá òkèèrè ṣòwò, wọ́n sì ti ń ṣe àdéhùn. Ní Vienna ní ọdún 1968 àti 1969, òun ni ó ṣe alága ìgbìmọ̀ gbogbogbòò níbi àpérò tí ó ṣe òfin àdéhùn fún gbogbo ayé. Abala 52 nínú òfin náà sọ pé àdéhùn tí a bá fi agbára ogun tàbí ìhàlẹ̀ ogun gbà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè, lòdì sí ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, asán ni. Ẹ rántí ọkọ̀ Prometheus. Ní ọdún 1974, Elias tẹ ìwé The Modern Law of Treaties jáde láti ṣàlàyé òfin yìí.

Ṣé òfin Vienna lè wá padà sẹ́yìn láti fọ ìwé 1861? Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí òfin náà kò de ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìlànà kan tún wà tí Huber gbé kalẹ̀ nínú ẹjọ́ Palmas kan náà, pé òfin ìgbà tí a ṣe nǹkan ni a ó fi wọn nǹkan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí ó bá fẹ́ máa wà lọ gbọ́dọ̀ máa bá òfin rìn bí òfin ti ń yí padà. Orí ìlànà yìí ni Elias kọ àpilẹ̀kọ kan lé tí ó jáde nínú American Journal of International Law ní ọdún 1980. Ọmọ Èkó ni ó jókòó yẹ ọ̀rọ̀ Huber wò, nínú ìwé tí àwọn onímọ̀ òfin káàkiri ayé ń kà.

Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ní Enugu ní ọdún 1979, U. O. Umozurike tẹ ìwé jáde lórí òfin àgbáyé àti ìjọba amúnisìn ní Áfíríkà. Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, jókòó ní Hague láti 1991 sí 1994. Ó tún padà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí adájọ́ tí Nàìjíríà yàn fún ẹjọ́ Bakassi. Ó wà lára àwọn 3 tí kò fara mọ́ ìdájọ́ náà, ó sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkún. Wọ́n tẹ èrò rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdájọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìlànà Ilé-Ẹjọ́, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí láé fún ẹni tí yóò jiyàn lọ́jọ́ iwájú.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ààlà tiwa gan-an kàn jù lọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ. Ìtàn ni ó kọ́, kì í ṣe òfin. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1976 sọ bí Yorùbá ìhà ìwọ̀-oòrùn ṣe gbé lábẹ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1889 títí dé 1945. Ẹ wo ọdún tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1985 ó ṣe olóòtú ìwé Partitioned Africans, lórí àwọn ènìyàn tí ààlà pín sí méjì káàkiri Áfíríkà. Èrò tí irú àwọn ìwé wọ̀nyí ń tẹnu mọ́ ni pé ààlà lè jẹ́ afárá, kò pọn dandan kí ó jẹ́ ògiri. Ní ọdún 2014, Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó ń gbé ní ìhà méjèèjì ààlà. Èrò tí ó wà nínú ìwé ni ó di àdéhùn.

Bí ìwé onímọ̀ ṣe ń jáde

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ, nítorí àwọn ọmọ wa tí ó lè fẹ́ ṣe é. Onímọ̀ kan yóò kọ àpilẹ̀kọ, yóò sì fi ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé àtìgbàdégbà kan. Bí ó bá tẹ́ olóòtú lọ́rùn, yóò fi ránṣẹ́ sí onímọ̀ méjì tàbí mẹ́ta mìíràn, lọ́pọ̀ ìgbà láìjẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Àwọn wọ̀nyí yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni ohun tí ó sọ, bóyá ó ti ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ ṣáájú rẹ̀, àti bóyá ó mú ohun tuntun wá. Wọ́n lè gbà á, wọ́n lè kọ̀ ọ́, wọ́n sì lè dá a padà fún àtúnṣe. Oṣù púpọ̀ ni ó ń gbà, nígbà mìíràn ó ju ọdún kan lọ. Wọn kì í sábà san owó fún ẹni tí ó kọ ọ́ tàbí fún àwọn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Láti mọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ, ènìyàn gbọ́dọ̀ rí i kà. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé àtìgbàdégbà náà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, owó tí wọ́n sì ń gbà lọ́dọọdún kì í ṣe èyí tí ilé-ìkàwé yunifásítì wa lè máa san déédéé. Ẹni tí kò rí ìwé tuntun kà yóò kọ ohun tí ó ti pẹ́, wọn yóò sì dá a padà. Ìwé tí a bá sì tẹ̀ ní ilé níbí kì í sábà dé orí pẹpẹ ilé-ìkàwé Hague tàbí Cambridge, nítorí náà adájọ́ tí ó yẹ kí ó kà á kò mọ̀ pé ó wà. Nígbà tí African Yearbook of International Law bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, lábẹ́ àkóso Abdulqawi Yusuf ọmọ Sòmálíà tí òun náà padà di Ààrẹ Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ilẹ̀ Netherlands ni ó tẹ̀ ẹ́. Àǹfààní wà níbẹ̀, nítorí ó dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ní Èkó ní láti wá owó òkèèrè kí ó tó lè ra ọ̀rọ̀ ará ilé rẹ̀.

Ìrànlọ́wọ́ kan ti dé báyìí. Gbogbo ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé, pẹ̀lú àròyé àwọn agbẹjọ́rò àti èrò àwọn adájọ́ tí kò fara mọ́ ìdájọ́, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tí ó ní fóònù ní Àgbádárìgì lè ka ohun tí Ajíbọ́lá kọ lálẹ́ òní.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Ìwé Mímọ́ kọ́ wa láti bọ̀wọ̀ fún ààlà àtijọ́, ó sì tún kọ́ wa láti la ẹnu wa fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo rí ohun mẹ́ta tí ó wà ní ìkáwọ́ wa.

Èkíní, ẹ yẹ àpótí ilé yín wò. Ìwé ilẹ̀ àtijọ́, lẹ́tà tí bàbá bàbá yín kọ sí ẹbí ní Àjàṣẹ́, ìwé owó orí, àwòrán àtijọ́ tí ó fi ibi tí abúlé wà hàn kí òkun tó jẹ ilẹ̀ ibẹ̀: ẹ̀rí ni gbogbo wọn nínú ẹjọ́ ààlà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ikán jẹ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ wa ya wọ́n sí ẹ̀dà, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà náà sí ilé-ìkàwé.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ èdè Faransé tọkàntọkàn. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni èdè méjì tí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ń lò, ọ̀pọ̀ ìwé tí ó kan ààlà wa sì wà ní Faransé. Abúlé Èdè Faransé ti Nàìjíríà wà ní Àjàrà níbí, láti ọdún 1991. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń ti ọ̀nà jíjìn wá kọ́ ohun tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fẹ́ràn ìtàn, tí ó ń jókòó ti ìwé, tí ó ń kọ nǹkan sílẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí Ọlọ́run bùkún, ẹ ra ìwé Elias àti ti Asiwaju fún ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ọmọ kíláàsì kìíní lè rí i pé ẹni tí ó jẹ́ orúkọ bíi tirẹ̀ kọ ìwé tí ayé ń kà.

Ní ti ọ̀rẹ́ mi tí ó béèrè ìbéèrè ní ọjọ́ náà, òwò ni ó ń ṣe báyìí, ó sì ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ń kọ èyí, ó sì rẹ́rìn-ín pé mo ṣì rántí. Mo sọ fún un pé ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ nìyí: kò sí ẹni tí ó fún wọn láṣẹ, wọ́n kọ àṣẹ náà fún ara wọn nínú ìwé, kò sì sí ẹni tí ó kọ̀wé dá wọn lóhùn títí ó fi pẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ó fẹ́ràn àríyànjiyàn. Mú àwọn ìwé yẹn wá fún un."

Mo ti mú wọn lọ. Kí Ọlọ́run bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó sì fún àwọn ọmọ tí ń jáde nínú rẹ̀ ní ọgbọ́n àti gègé.